Èèpo Igi Kan, Àpilẹ̀kọ Méjì

Ní oṣù Kẹta ọdún 1841, Prince Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, wá sí Woolwich wá wo àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rán lọ sí Odò Ọya. Ọkọ̀ mẹ́ta ni: Albert, Wilberforce àti Soudan. Wọ́n ní kí wọ́n lọ bá àwọn ọba etí odò ṣe àdéhùn tí yóò fòpin sí òwò ẹrú, kí wọ́n sì dá oko ńlá sílẹ̀. Freetown ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òsogùn tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí, ti bá wọn wọkọ̀. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n wọ ẹnu odò. Kò pẹ́ tí ibà fi dé. Nínú òyìnbó 145 tó wà nínú ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nǹkan bí i 130 ni ibà gbé dè, nǹkan bí i 40 nínú wọn ni kò sì padà wálé mọ́.

Dókítà kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ T. R. H. Thomson. Oríṣiríṣi oògùn ló dán wò lára àwọn tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò yéé lo kiníìnì, oògùn kíkorò tí wọ́n ń yọ lára èèpo igi sinkóná tó ń hù ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ara rẹ̀ le ní gbogbo àkókò tó fi wà lójú odò. Ìgbà tó padà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dáwọ́ oògùn dúró ni ibà tó wá kì í mọ́lẹ̀. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà The Lancet, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1846. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Alexander Bryson, dókítà ọmọ ogun ojú omi, gbé ìwé tirẹ̀ jáde lórí àìsàn tó ń pa àwọn atukọ̀ ní etíkun Áfíríkà, ọ̀rọ̀ kiníìnì sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó di 1854, ọkọ̀ Pleiad gba Odò Ọya lọ, William Balfour Baikie ni olórí, Crowther tún bá wọn lọ. Àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà ń lo kiníìnì kí àìsàn tó dé rárá. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ibà pa nínú wọn.

Mo mọ ohun tó tẹ̀yìn ìyẹn yọ. Oògùn yẹn wà lára ohun tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó wá jọba lé wa lórí, ó sì ń dùn mí bí mo bá ń ka ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé àpilẹ̀kọ ni iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo máa ń bá àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ṣètọ́jú ènìyàn tún ìwé wọn ṣe kó tó lọ sọ́dọ̀ olóòtú. Woolwich Dockyard ni mò ń gbé, lórí ilẹ̀ ibi ìkànkọ̀ tí Ọba Henry Kẹjọ dá sílẹ̀ lọ́dún 1512, tí wọ́n sì tì pa lọ́dún 1869. Ilé gbígbé ló wà níbẹ̀ báyìí. Clock House ṣì dúró, ó ti di ilé ìpàdé àdúgbò. Bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí etí Thames, yóò rí ihò gbàǹgbà méjì tí wọ́n fi òkúta tẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tún ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ṣe nígbà náà. Ibi ìkànkọ̀ yìí náà ni ọkọ̀ Beagle, èyí tó wá gbé Charles Darwin káyé, ti bọ́ sómi ní oṣù Karùn-ún ọdún 1820. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Yorùbá ni mò ń gbọ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Yorùbá ni mò ń gbọ́ lọ́jà Beresford Square. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead, àfi bí ẹni pé Agége ni mò ń lọ.

Thamesmead ni ẹnì kan tí mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ hómíópátì, ìtọ́jú tí wọ́n ti ń fún aláìsàn ní oògùn tí wọ́n ti là lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn ènìyàn díẹ̀ nínú yàrá kékeré kan nínú ilé wọn. Wọ́n gbé ìwé kan wá fún mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ránṣẹ́ sí jọ́nà hómíópátì, àwọn sì fẹ́ kó dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn.

Mo sọ ibi tí mo dúró sí fún wọn kí n tó gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí náà mọ̀ ọ́n. Èmi kò gbà pé oògùn hómíópátì ń ṣe ju ohun tí hóró ṣúgà lásán lè ṣe lọ. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí sáyẹ́ǹsì yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò lọ́dún 2010, ohun tí wọ́n sì fẹnu kò sí nìyẹn. Àjọ ìwádìí ìlera ti ilẹ̀ Australia yẹ iṣẹ́ ìwádìí 176 wò, wọ́n sì kéde lọ́dún 2015 pé àwọn kò rí àìsàn kan tí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé wà fún pé hómíópátì ń wò ó. Lọ́dún 2017, NHS, ètò ìlera ìjọba, ní ilẹ̀ England ní kí àwọn dókítà àdúgbò má kọ ọ́ fún aláìsàn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mọ gbogbo èyí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Àbúrò mi, bó o bá ti ń bá àwọn tó o gbà gbọ́ nìkan ṣiṣẹ́, ta ni yóò máa bá àwa yòókù wá àṣìṣe wa?” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi gbà á.

Ohun tó sì tún mú mi gbà á ni pé inú jọ́nà gan-an ni hómíópátì ti jáde. Samuel Hahnemann, dókítà ará Jámánì, ń túmọ̀ ìwé oògùn William Cullen lọ́dún 1790. Ó dé ibi tí Cullen ti ṣàlàyé ìdí tí èèpo igi sinkóná fi ń wo ibà, àlàyé náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ló bá lo èèpo náà fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn kankan kò ṣe é. Ó ní ẹsẹ̀ òun àti orí ìka òun tutù, ó rẹ òun, àyà òun ń lù kìkì, òùngbẹ ń gbẹ òun, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹni tí ibà tó ń wá tó ń lọ ń ṣe. Láti ibẹ̀ ló ti dé ibi tó dé: ohun tó bá lè fa àmì àìsàn lára ẹni tí ara rẹ̀ le ni yóò wo irú àmì bẹ́ẹ̀ lára aláìsàn. Ọdún 1796 ló tẹ èyí jáde nínú jọ́nà tí Hufeland ń ṣe olóòtú rẹ̀. Organon, ìwé ńlá rẹ̀, kò jáde títí di 1810.

Ẹ wá wò ó. Èèpo igi kan náà ni. Hahnemann lò ó sára ara rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú jọ́nà. Thomson lò ó sára ara rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú jọ́nà. Èmi kò rò pé ọ̀kan nínú wọn purọ́. Ara ẹnì kan ṣoṣo ni ìkọ̀ọ̀kan wọn rí, ara ẹnì kan kò sì tó láti fi dá ẹjọ́. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé ti jáde. Ọ̀rọ̀ Thomson, àwọn ẹlòmíràn gbé e lọ sójú odò, wọ́n lò ó, wọ́n ka òkú, òkú kò sí. Ti Hahnemann, wọ́n kọ́ ilé lé e lórí kí ẹnikẹ́ni tó padà lọ wo ìpìlẹ̀. Kiníìnì kì í sábà gbé ibà wọ ara ẹni tí kò ní ibà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti lò ó láti ìgbà náà, tí wọn kò rí ohun tí Hahnemann rí. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé ara Hahnemann ni kò gba oògùn náà.

Nítorí náà, nígbà tí mo jókòó ti ìwé Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé síwájú: bí ẹni tí kò gbà wọ́n gbọ́ bá mú ìwé yìí, ǹjẹ́ ohun tó lè fi yẹ̀ ẹ́ wò wà nínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò gùn. Obìnrin kan ni, ọmọ ọdún ogójì ó lé díẹ̀, tí hay fever máa ń bá jà. Bí koríko bá ti ń yọ òdòdó, ojú rẹ̀ á máa yún un, imú á máa ṣomi, kò ní lè sùn. Ẹ̀gbọ́n fún un ní Allium cepa 30C. Àlùbọ́sà ni Allium cepa. Ẹni tó bá ti rẹ́ àlùbọ́sà rí mọ ohun tó ń fi ojú àti imú ṣe, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ hómíópátì fi ń mú un fún irú àìsàn báyìí. 30C túmọ̀ sí pé wọ́n mú ẹ̀kán kan nínú omi àlùbọ́sà, wọ́n bu ẹ̀kán 99 omi tàbí ọtí là á, wọ́n gbọ̀n ọ́n. Wọ́n tún mú ẹ̀kán kan nínú ìyẹn, wọ́n bu 99 là á, wọ́n gbọ̀n ọ́n. Ó di ìgbà 30. Bí ẹ bá kọ 1, tí ẹ to òdo 60 tẹ̀ lé e, ẹyọ kan nínú iye yẹn ni àlùbọ́sà tó yẹ kó ṣẹ́ kù. Láti nǹkan bí ìgbà 12 ni kò ti dájú mọ́ pé ohunkóhun nínú àlùbọ́sà wà nínú omi náà.

Gbólóhùn tí Ẹ̀gbọ́n fi parí ìwé ni pé, “Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, aláìsàn náà rí ìwòsàn pátápátá.”

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ mú ìwé tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn wá. Ìwé onílà lásán ni, bíi ti ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé nọ́ọ̀sì àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ohun tí aláìsàn sọ, ohun tí àwọn fojú rí. Mo fẹ́ràn ìwé yẹn ju ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lọ. A wá ya tábìlì kan, ọjọ́ lápá òsì, ohun tó ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìlànà CARE, èyí tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lọ́dún 2013 fún ẹni tó bá ń kọ ìròyìn nípa aláìsàn kan, ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun 13 ló wà nínú rẹ̀ tí òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, láti àkọlé títí dé ìyọ̀ǹda aláìsàn. Àwọn onímọ̀ hómíópátì fi tiwọn kún un lẹ́yìn náà. Láti 2007 sì ni wọ́n ti ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní RedHot, tó ní kí òǹkọ̀wé dárúkọ oògùn ní kíkún, ìgbà mélòó tí wọ́n là á, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti bí wọ́n ṣe yan oògùn náà.

Bí a ṣe ń to tábìlì lọ, ni a bá kan àkọsílẹ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà: aláìsàn náà sọ pé òun tún ń lo cetirizine, oògùn hay fever tí òun rà ní kẹ́mísì, ní alẹ́ tí kò bá lè sùn. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́.

“Àbúrò mi, ṣé dandan ni ká kọ ti cetirizine yẹn?”

“Dandan ni, ma. Ọwọ́ yín lẹ fi kọ ọ́ síbí.”

“Wọ́n á ní òun ló wò ó sàn.”

“Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀, ma. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n máa fi sọ ọ́.”

Wọ́n kọ ọ́ sí i. A tún rí nǹkan mìíràn tó wúwo ju ìyẹn lọ. Ìparí oṣù Keje ni ara obìnrin náà wálẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àárín oṣù Karùn-ún ni ìyẹ̀fun koríko máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fò nínú afẹ́fẹ́, oṣù Keje ló sì máa ń lọ sílẹ̀. Ẹni tí kò lo ohunkóhun rárá, ara rẹ̀ lè wálẹ̀ lákòókò yẹn. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò ní tó, bí kò ṣe ní ibi tí a ti ń jíròrò àbájáde. Gbólóhùn ìparí náà yí padà. Ó di pé àwọn àmì àìsàn náà dín kù láàárín oṣù Kẹfà sí ìparí oṣù Keje, pé aláìsàn náà lo cetirizine lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pé àkókò ìyẹ̀fun koríko ń parí lọ lákòókò kan náà, àti pé ìròyìn ẹnì kan ṣoṣo kò lè fi èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn hàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún gbọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Gbogbo wa la ti jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì rí nígbà tí ẹnì kan bá dìde jẹ́rìí: àìsàn ọdún méje ló lọ, ìjọ á ké halelúyà, kò sì sẹ́ni tí yóò béèrè bóyá ó tún ń lo oògùn dókítà. Kò yẹ kí wọ́n béèrè níbẹ̀, ọpẹ́ ló ń dá. Irú ohùn yẹn ni púpọ̀ nínú wa máa ń gbé wọ inú àpilẹ̀kọ láìmọ̀, òun ni mo sì máa ń bá jà jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kì í ṣe lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ hómíópátì nìkan. Mo ti rí i nínú ìwé dókítà abẹ, mo ti rí i nínú ìwé àwọn tó ń ta àgbo.

A dé orí ìtọ́kasí. Ẹ̀gbọ́n ti kó èyí tó gbè wọ́n sílẹ̀: ìwádìí David Reilly àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí hay fever, tó jáde nínú The Lancet lọ́dún 1986, aláìsàn 144 ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó gba hómíópátì sì ṣe dáadáa ju àwọn tó gba hóró tí kò ní oògùn nínú lọ. Ìwádìí gidi ni, ó yẹ kó wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ti 2005 kún un, èyí tó jáde nínú Lancet kan náà, níbi tí Shang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ìwádìí hómíópátì 110 wé 110 ti oògùn òyìnbó, tí wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá mú àwọn ìwádìí ńlá tó dára jù nìkan, agbára hómíópátì kò yàtọ̀ sí ti hóró tí kò ní oògùn nínú. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́. Wọ́n tún fẹ́ fi orúkọ mi sí i gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé kejì. Mo dúpẹ́, mo kọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí àpilẹ̀kọ gbọ́dọ̀ lè dúró fún ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi kò sì tọ́jú obìnrin náà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un tí wọn kò ronú kàn. Nínú ìwé onílà yẹn, mo rí i pé wákàtí kan ó lé ni Ẹ̀gbọ́n fi jókòó ti obìnrin náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n béèrè oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ tó ń ṣe, àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Obìnrin náà sọkún. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ìlú yìí, ẹnikẹ́ni kò tí ì béèrè gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ òun. Dókítà àdúgbò kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ní, àwọn mìíràn sì ń dúró níta. Bí ohunkóhun nínú ìtọ́jú Ẹ̀gbọ́n bá ran obìnrin náà lọ́wọ́, èmi yóò kọ́kọ́ wo wákàtí yẹn kí n tó wo àlùbọ́sà. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká kọ ọ́, a sì kọ ọ́.

Ibi tí èmi àti Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ takora ni orí ọ̀rọ̀ ibà. Wọ́n ní àwọn ní àpilẹ̀kọ kejì lọ́kàn, lórí àwọn ará wa tó ń lọ sílé lóṣù Kejìlá tí wọ́n ń béèrè oògùn hómíópátì tí yóò dènà ibà. Mo sọ fún wọn pé èmi kò ní fọwọ́ kan ìyẹn. Ní 2000, ìwé àtìgbàdégbà BMJ tẹ ìròyìn obìnrin kan tó gbára lé oògùn hómíópátì nígbà tó rìnrìn àjò lọ sí Tógò. Ibà mú un débi pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, oṣù méjì ló sì lò ní yàrá ìtọ́jú àwọn tó wà lójú ikú. Lọ́dún 2006, BBC gbé ètò kan jáde nípa àwọn kan ní London tó ń fún arìnrìn-àjò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Peter Fisher, olóòtú jọ́nà Homeopathy, tó tún jẹ́ dókítà Ọbabìnrin, dá sí i. Ó bínú gidigidi: kò sí ìdí kankan láti rò pé hómíópátì lè dènà ibà, àwọn ènìyàn yóò sì kó o. Olóòtú jọ́nà tí Ẹ̀gbọ́n fi ń yangàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Jọ́nà yẹn ti wà láti 1911, British Homoeopathic Journal ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi hómíópátì tọ́jú ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, àrùn HIV tàbí ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, “Èmi fúnra mi kì í lọ sílé láìra hóró oògùn ibà ní kẹ́mísì.” Mo ní, ìyẹn gan-an ni kí wọ́n máa sọ fún àwọn tó bá wá béèrè. Àpilẹ̀kọ kejì kúrò nílẹ̀.

Ó ku fífi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kìlọ̀ díẹ̀ níhìn-ín, nítorí mo ti rí àwọn ọmọ wa tó ṣubú sí i. Kí Ẹ̀gbọ́n tó parí ìwé, ímeèlì ti wọlé sí wọn láti ọ̀dọ̀ jọ́nà kan tó ń pè wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ṣèlérí pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n ṣáà fi dọ́là ránṣẹ́. Kò sí ẹni tí yóò ka ìwé yẹn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Owó nìkan ni wọ́n ń wá. Ẹ wo ẹni tó jẹ́ olóòtú, ẹ wo bóyá àwọn onímọ̀ ń yẹ ìwé wò níbẹ̀, ẹ wo bóyá jọ́nà náà wà nínú àkójọ tí àwọn ilé ìkàwé ń lò. Ẹ má sì fi ìwé kan ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Jọ́nà gidi ni Ẹ̀gbọ́n yàn. Ìyọ̀ǹda obìnrin náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé. A yọ ohun tó lè jẹ́ kí ará àdúgbò dá a mọ̀: iṣẹ́ rẹ̀, ìlú rẹ̀, iye ọmọ rẹ̀. Ìdí tí ẹ kò fi rí i níhìn-ín ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ nìyẹn, Abẹ́òkúta tí mo dárúkọ kì í ṣe ìlú rẹ̀ gan-an. A kọ ìsọníṣókí rẹ̀ nígbẹ̀yìn, nítorí pé ìgbẹ̀yìn ni ènìyàn máa ń mọ ohun tó sọ. Lẹ́yìn náà, Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò yìn ín pé ó ṣe òótọ́. Èkejì béèrè fún ohun kan: iye ìyẹ̀fun koríko tó wà nínú afẹ́fẹ́ London ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà, kí wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí ara aláìsàn ń wálẹ̀. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Irú ìbéèrè tí Thomson rí gbà nìyẹn, èyí tí Hahnemann kò rí gbà lásìkò. Ẹ̀gbọ́n ti ń wá àkọsílẹ̀ náà báyìí. Bó bá fi hàn pé àkókò ìyẹ̀fun ló lọ tí àìsàn fi lọ, wọ́n ní àwọn yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ènìyàn láàárín wa, ní Woolwich, ní Peckham, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu, ìbáà ṣe àgbo lẹ ń sè, ìbáà ṣe hóró ṣúgà lẹ ń fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ kọ òṣùwọ̀n sílẹ̀, ẹ béèrè ohun mìíràn tí aláìsàn ń lò, kí ẹ sì kọ ìyẹn náà. Tu Youyou ti ilẹ̀ Ṣáínà, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015, inú ìwé oògùn àtijọ́ ni òun náà ti rí ewé tí wọ́n ń fún ẹni tí ibà ń ṣe. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mu ún fúnra wọn, wọ́n sì fi lélẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti yẹ̀ wò. Inú ewé yẹn ni oògùn ibà tí gbogbo wa ń lò nílé lónìí ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra àtilọ sílé, ó lé ní 2,000 ènìyàn tí wọ́n rí ibà lára wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2023, àwọn tó lọ kí ẹbí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì pọ̀ nínú wọn. Pé a bí yín síbẹ̀ kò dènà rẹ̀ mọ́ bí ẹ bá ti pẹ́ níbí. Ẹ lọ bá oníkẹ́mísì kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tán, ẹ lo oògùn náà kí ẹ tó gbéra, ẹ lò ó níbẹ̀, kí ẹ sì lò ó parí lẹ́yìn tí ẹ bá dé, iye ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sára páálí.